Bàbá wa ṣiṣẹ́ ẹ́ńjìnnì nínú USS Ranger: kí la máa rí tá a bá lọ sí USS Midway?

AdùkẹTexas béèrè pé:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo ń tọrọ lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa Néfì Amẹ́ríkà àti àwọn ọkọ̀ ogun tí wọ́n ti sọ di mùsíọ́mù.

Bàbá wa wọ Néfì lọ́dún 1981, wọ́n sì kúrò níbẹ̀ lọ́dún 1985. San Diego ni wọ́n ti gba ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àkọ́kọ́. Wọ́n ti di olóògbé báyìí, Nàìjíríà la sì sin wọ́n sí. Nígbà ayé wọn, wọn kì í fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ náà rárá. Tá a bá béèrè, wọ́n á ní "iṣẹ́ ni", ọ̀rọ̀ á sì parí síbẹ̀. Ohun tó wà lọ́wọ́ wa kò pọ̀: fótókọ́pì DD-214 kan (ìwé tí wọ́n ń fún ológun tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́) tó ti ń ṣá, ìwé aláwòrán ńlá kan tí wọ́n kọ USS Ranger 1983–84 sí lára, tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ń já, àti fọ́tò mẹ́ta. DD-214 yẹn kọ MM2 sí ipò wọn.

Màmá wa ti pé ọdún 71, orúnkún ń dùn wọ́n, àmọ́ wọ́n ti pinnu pé àwọn fẹ́ fojú ara àwọn rí irú ibi tí ọkọ àwọn ti ṣiṣẹ́. Mo gbọ́ pé wọ́n ti tú Ranger, ọkọ̀ ogun agbébàálù tí wọ́n ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, palẹ̀. Ṣé ó yẹ ká lọ sí USS Midway ní San Diego dípò rẹ̀? Apá ibo nínú ọkọ̀ náà ló jọ ibi iṣẹ́ wọn? Báwo la ṣe máa rí ìyókù ìwé wọn gbà, kí sì ni ká gbé dání lọ́jọ́ tá a bá ń lọ?

Alákọsílẹ̀ fèsì:

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá o. Kẹ́ ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù, ìwé ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá. Inú USS Midway tóbi bí ìlú. Ẹni tó bá mọ ẹ̀ka tí bàbá rẹ̀ wà gan-an ló máa mọ ibi tó yẹ kó dúró sí. Ẹni tí kò bá mọ̀ á kàn máa wo bàálù kiri ni.

DD-214 tó wà lọ́wọ́ yín dára, àmọ́ àkékúrú ni. Àpótí 8a nínú rẹ̀, ibi iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn nìkan ló ń sọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti rí orúkọ bárékè kan níbẹ̀ tí wọ́n sì rò pé ibẹ̀ ni bàbá àwọn lo gbogbo ọdún rẹ̀ sí, nígbà tó jẹ́ pé ibẹ̀ kàn ni wọ́n ti parí ìwé rẹ̀ kó tó máa lọ sílé. Ẹ wo 12c, tó jẹ́ àpapọ̀ àsìkò tí wọ́n fi ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ fi wé 12g, tó jẹ́ àsìkò iṣẹ́ ojú òkun. Ẹ wo 13 fún àmì ẹ̀yẹ, 14 fún ilé ẹ̀kọ́ tí Néfì rán wọn lọ, àti 18 fún àlàyé tí kò ráyè níbòmíì.

Odindi fáìlì ni wọ́n ń pè ní OMPF. Ó wà ní National Personnel Records Center, St. Louis, ìpínlẹ̀ Missouri. Ẹ lè béèrè rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní vetrecs.archives.gov, ẹ sì lè kọ fọ́ọ̀mù SF-180 kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Ibi táwọn èèyàn ti ń pàdánù nìyí: wọ́n á fàmì sí DD-214 nìkan, ìwé kan náà tó wà lọ́wọ́ wọn tẹ́lẹ̀ ni wọ́n á sì tún rí gbà lẹ́yìn gbogbo ìdúró yẹn. Níbi tí wọ́n ti bi yín léèrè ohun tẹ́ ẹ fẹ́, ẹ kọ ọ́ kedere pé "all documents in the Official Military Personnel File". Tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ DD-214 tuntun tí kò ṣá, "undeleted" ni kẹ́ ẹ mú. Èyí tí wọ́n ń pè ní "deleted", wọ́n ti yọ ìdí tí ẹni náà fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ àti bí wọ́n ṣe dá a sílẹ̀ kúrò nínú rẹ̀, ẹ sì máa nílò ìyẹn tẹ́ ẹ bá ní nǹkan ṣe pẹ̀lú VA, ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣe ológun àti ìdílé wọn.

Ẹ̀yin tàbí màmá ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Títí ọdún 62 á fi pé lẹ́yìn tí ológun kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́, òun fúnra rẹ̀ tàbí mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ ọn jù ni wọ́n ń kó odindi fáìlì fún. Ti bàbá yín, ó di 2047 kí ẹlòmíì tó lè gbà á. Àwọn tí wọ́n kà sí mọ̀lẹ́bí ni aya tí kò tíì fẹ́ ọkọ míì, ọmọ, òbí, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Ọmọ-ọmọ kò sí níbẹ̀, ọmọ ẹ̀gbọ́n kò sí níbẹ̀, ì báà jẹ́ òun ló tọ́jú bàbá dópin. Wọn kì í gbowó lọ́wọ́ mọ̀lẹ́bí. Àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí ikú sí i: ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí ikú, tàbí lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ ìsìnkú, tàbí ìkéde òkú tó jáde nínú ìwé ìròyìn. Ìwé ètò ìsìnkú tí a máa ń pín fún àlejò kò sí nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn. Ẹ lo ìwé ẹ̀rí ikú tí National Population Commission ní Nàìjíríà ń fúnni.

Orúkọ ló máa ń dá tiwa dúró jù. Orúkọ tí wọ́n fi wọṣẹ́ lọ́dún 1981 ni kẹ́ ẹ kọ, láìsí àmì ohùn, kì í ṣe orúkọ tó wà lára ibojì wọn. Bó bá jẹ́ pé orúkọ ìbatisí ló ṣíwájú nínú ìwé kan tí orúkọ ilé sì ṣíwájú nínú òmíràn, tàbí wọ́n yí i padà nígbà tí wọ́n di ọmọ Amẹ́ríkà, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sí ibi àlàyé. Nọ́ńbà Social Security ló máa ń yanjú ẹ̀, torí láti 1972 ni Néfì ti ń lò ó bíi nọ́ńbà iṣẹ́.

Ẹ máa gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé iná ti jó gbogbo ìwé ní St. Louis. Òótọ́ ni pé iná jó níbẹ̀ ní July 1973, àmọ́ ìwé Army àti ti Air Force ló bà jẹ́. Ti Néfì kò sí lára rẹ̀, kò sì sí bí ìwé ẹni tó wọṣẹ́ ní 1981 ṣe lè jóná ní 1973.

Bí páálí náà bá dé, ẹ wá NAVPERS 1070/605 nínú rẹ̀ kẹ́ ẹ tó wo ohunkóhun míì. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ gbogbo ibi tí wọ́n gbé wọn lọ sí, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n dé àti ọjọ́ tí wọ́n lọ. 1070/604 sọ ohun tí wọ́n kọ́ àti ohun tí wọ́n yege nínú rẹ̀. 1070/613 jẹ́ ojú ìwé àlàyé: ìyìn, ìbáwí, ìlérí láti dúró pẹ́ sí i lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé ìdíyelé iṣẹ́ tí àwọn ọ̀gá wọn kọ ni kẹ́ ẹ kà fún màmá. Níbẹ̀ lẹ máa rí ẹ̀rọ tí wọ́n fi sí ìkáwọ́ wọn gan-an.

Ìwé ojoojúmọ́ ti ọkọ̀ fúnra rẹ̀, ìyẹn deck log, wà ní National Archives ní College Park, Maryland. Wákàtí mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n ń kọ ọ́: ibi tí ọkọ̀ wà, ìgbà tó so mọ́ èbúté, ẹni tó fara pa, ẹni tí ọ̀gá ọkọ̀ bá wí. Ẹ má retí orúkọ bàbá níbẹ̀. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ rẹ̀ láìsí wàhálà lè lo ọdún mẹ́rin kí orúkọ rẹ̀ má jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ohun tó wúlò fún ni pé ẹ lè mú ọjọ́ tó wà lẹ́yìn fọ́tò kan, kẹ́ ẹ sì mọ ìlú tí ọkọ̀ wà lọ́jọ́ náà.

Sítíìmù_Àgbà fèsì:

Lóòótọ́ ni, Ranger ti lọ. Ọdún 1993 ni Néfì gbé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ní 2015 ni wọ́n fi ọkọ̀ míì wọ́ ọ láti Bremerton, ìpínlẹ̀ Washington, lọ sí Brownsville ní Texas níbi tí wọ́n ti gé e. Ó fẹ̀ ju ọ̀nà omi Panama Canal lọ, nítorí náà ìsàlẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà ni wọ́n gbà yí i ká. Kò sì sí ìkankan nínú àwọn tó jẹ́ irú rẹ̀, láti orí Forrestal títí dé orí Kitty Hawk, tó di mùsíọ́mù. Nínú àwọn agbébàálù tẹ́ ẹ lè wọ̀ lónìí, ìyẹn Yorktown, Intrepid, Hornet, Lexington àti Midway, Midway ló tóbi jù, òun náà ló sì ṣiṣẹ́ pẹ́ jù, títí di 1992. Nítorí náà ibi tó yẹ kẹ́ ẹ lọ nìyẹn, ẹ má ṣiyèméjì.

MM ni Machinist's Mate. Nọ́ńbà 2 fi hàn pé Petty Officer kejì ni wọ́n, ipò E-5. Ẹni tó bá dé ibẹ̀ láàrin ọdún mẹ́rin kò fi iṣẹ́ ṣeré, torí ìdánwò ni wọ́n fi ń gòkè, àwọn tó ṣe é sì máa ń pọ̀ ju àyè tó ṣí sílẹ̀ lọ. Iṣẹ́ MM ni gbogbo ohun tí sítíìmù bá ń yí: ẹ́ńjìnnì ńlá tó ń yí ọkọ̀, jíà rẹ̀, pọ́ńpù, ibi tí sítíìmù ti ń padà di omi, àti ẹ̀rọ tó ń sọ omi òkun di omi tó ṣeé mu. Àwọn tó ń ṣe bọ́ílà ni BT, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ nìyẹn nígbà náà. Nínú ìwé aláwòrán yín, ẹ má wá wọn nípa A, B, D. Ẹ̀ka ẹ̀ka ni wọ́n to fọ́tò. Ẹ lọ sí apá Engineering, kẹ́ ẹ wo M Division, ẹ̀ka àwọn tó ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ńlá. Tẹ́ ò bá rí wọn níbẹ̀, ẹ wo A Division, ẹ̀ka àwọn ẹ̀rọ aṣèrànwọ́, torí wọ́n máa ń fi MM síbẹ̀ náà. Àwọn kan wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n ya fọ́tò, orúkọ wọn nìkan ni wọ́n sì máa ń kọ sísàlẹ̀, nítorí náà ẹ ka àwọn orúkọ náà kẹ́ ẹ tó sọ pé wọn kò sí níbẹ̀.

Ní Midway, yàrá ẹ́ńjìnnì wà lára ibi tí àlejò lè sọ̀kalẹ̀ sí. Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ dúró tì ni pátákó tí wọ́n ti ń darí sítíìmù. Ẹ máa rí wíìlì méjì: èyí tó tóbi ń ṣí sítíìmù fún iwájú, kékeré ń ṣí i fún ẹ̀yìn. Lókè wọn ni géèjì tó ń sọ agbára sítíìmù, òǹkà iye ìgbà tí ọ̀pá tó ń ti ọkọ̀ lọ ń yí ní ìṣẹ́jú kan, àti agogo tí wọ́n fi ń gba àṣẹ láti òkè. Bí àṣẹ bá dé, ẹni tó wà nídìí wíìlì gbọ́dọ̀ dá a lóhùn kó sì ṣí i díẹ̀díẹ̀. Bó bá ṣí i lójijì, agbára inú bọ́ílà á já wálẹ̀, omi lè bá sítíìmù wọ ẹ́ńjìnnì, àwọn bíléèdì tó ń yí nínú rẹ̀ á sì bà jẹ́. Ibẹ̀ ni ọ̀dọ́ MM máa ń dúró sí fún wákàtí mẹ́rin gbáko. Ẹlòmíì á máa lọ káàkiri ní wákàtí wákàtí, á máa kọ ohun tí géèjì kọ̀ọ̀kan sọ sínú ìwé, á máa fọwọ́ kan ìbòrí bíárìn kó lè mọ èyí tó ń gbóná jù.

Midway ní bọ́ílà 12, Ranger ní 8. Agbára ẹ́ńjìnnì Midway jẹ́ 212,000 ẹṣin, ti Ranger jẹ́ 280,000. Ọ̀pá mẹ́rin mẹ́rin ni àwọn méjèèjì ní. Ìṣètò wọn yàtọ̀, àmọ́ iṣẹ́ ọwọ́ náà kò yàtọ̀. Ohun tí mùsíọ́mù kò lè fi hàn yín ni ooru àti ariwo. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ooru yàrá yẹn máa ń kọjá 38 lórí ìwọ̀n Celsius, pàápàá lójú òkun Íńdíà, ariwo rẹ̀ sì pọ̀ débi pé ọwọ́ ni wọ́n fi ń bára wọn sọ̀rọ̀. Nísinsìnyí ibẹ̀ tutù, ó sì dákẹ́. Ẹ sọ fún màmá ṣáájú, kí wọ́n má bàa rò pé iṣẹ́ jẹ́jẹ́ ni.

Ẹ béèrè ẹ̀rọ tó ń ṣe omi náà. Bọ́ílà ló kọ́kọ́ ń mu nínú omi yẹn, àwọn ẹ̀rọ sítíìmù tó ń ju bàálù sókè náà ń mu nínú rẹ̀, ohun tó bá kù ni ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn á fi wẹ̀. Bí ẹ̀rọ kan bá dúró, gbogbo ọkọ̀ ló máa mọ̀, àwọn MM ni wọ́n á sì bú. Bẹ́ ẹ bá rántí pé bàbá máa ń pa omi nígbà tí wọ́n bá ń fi ọṣẹ para, tí wọ́n á wá ṣí i padà láti fi ṣan ara, ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ ọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù tó wúwo. Ní ọjọ́ 1 oṣù November 1983, iná jó nínú ọ̀kan lára àwọn yàrá ẹ̀rọ ńlá Ranger, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní apá òkun Arébíà. Ọmọ ọkọ̀ mẹ́fà ló kú. Ìrìn àjò tí ìwé aláwòrán yín sọ nìyẹn. Ẹni tó jẹ́ MM nínú ọkọ̀ náà lásìkò yẹn, àwọn tó mọ̀ lójúkojú lè wà lára wọn. N kò lè sọ pé ohun tó pa bàbá lẹ́nu mọ́ nìyẹn, àmọ́ ẹ jẹ́ kí màmá gbọ́ ọ nílé, níbi tí wọ́n ti lè jókòó, kó tó di pé ẹnì kan sọ ọ́ fún wọn nínú ọkọ̀.

ÌyáÌbejì_SanDiego fèsì:

Mo gbà pẹ̀lú Alákọsílẹ̀ lórí ìwé, àmọ́ mi ò gbà pé kẹ́ ẹ fi ìrìn àjò dúró dè é. Ìwé lè pẹ́ ní St. Louis, orúnkún màmá kò sì ní dára sí i bí oṣù ṣe ń lọ. Ẹ béèrè ìwé lónìí, kẹ́ ẹ sì mú ọjọ́ ìrìn àjò. DD-214 àti ìwé aláwòrán tó wà lọ́wọ́ yín ti tó mú lọ.

Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni Midway máa ń ṣí, ó ń tì ní aago márùn-ún, àlejò ìkẹyìn sì ń wọlé ní mẹ́rin. Ẹ tún wo ìkànnì wọn kẹ́ ẹ tó gbéra. Ẹ dé ibẹ̀ bí wọ́n bá ṣe ń ṣí, torí àtẹ̀gùn tó lọ sí yàrá ẹ́ńjìnnì kò fẹ̀ ju ẹnì kan lọ, tó bá sì di ọ̀sán, èrò á ti tò síbẹ̀. Ẹ fi wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin sílẹ̀ fún gbogbo rẹ̀.

Fún màmá: lífítì wà tó ń gbé èèyàn dé gbọ̀ngàn bàálù àti orí ọkọ̀ níbi tí bàálù ti ń gbéra, wọ́n sì lè fi kẹ̀kẹ́ arọ rìn níbẹ̀ fàlàlà. Ìsàlẹ̀ ni wàhálà wà. Àtẹ̀gùn irin tó dúró gbọọrọ ni, tẹ́ ẹ máa fi ẹ̀yìn sọ̀kalẹ̀ tẹ́ ẹ bá fẹ́ ìfọ̀kànbalẹ̀, ẹnu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan sì ní irin tó yọ sókè tó ń gba èèyàn ní ojúgun. Ẹni tí orúnkún ń dùn lè sọ̀kalẹ̀ kó má lè gòkè mọ́, èrò sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò ní gba màmá nímọ̀ràn láti lọ. Kí ẹnì kan jókòó ti wọ́n ní gbọ̀ngàn bàálù, kí ẹlòmíì sọ̀kalẹ̀ lọ ya fídíò: pátákó wíìlì, géèjì, ọ̀nà tóóró, àtẹ̀gùn. Kó ya á díẹ̀díẹ̀, kó máa sọ ohun tó ń rí ní Yorùbá bó ṣe ń lọ. Kó wá gòkè wá kí màmá wò ó níbẹ̀ gan-an, nínú ọkọ̀. Bàtà tó ní rọ́bà nísàlẹ̀ ni kí gbogbo yín wọ̀. Búbù àti ìró gígùn kò dára fún àtẹ̀gùn yẹn.

Àwọn àgbàlagbà tó ń ṣàlàyé nínú ọkọ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló ti ṣe ológun. Ẹ má béèrè pé "ta ló mọ bàbá mi?" Ẹ béèrè pé ta nínú wọn ló ti ṣe engineering lórí ọkọ̀ sítíìmù. Ẹ fi fótókọ́pì ojú ìwé M Division hàn án, kì í ṣe odindi ìwé. Ẹni náà á ka ohun tó wà lára aṣọ àti ọwọ́ bàbá nínú fọ́tò ju bẹ́ ẹ ti lè kà á lọ.

Lẹ́yìn náà, ẹ gbé màmá gòkè dé orí ọkọ̀, kẹ́ ẹ kọjú sí òdìkejì omi. North Island lẹ ń wò yẹn. Ibẹ̀ ni àwọn agbébàálù San Diego ń so mọ́, Ranger sì wà lára wọn nígbà ayé rẹ̀. Bẹ́ ẹ bá ti rí deck log gbà, ẹ lè mọ èbúté tó so mọ́ lọ́jọ́ tó dé.

Ẹ má kúrò ní San Diego láìdé Liberty Station. Ọgbà ìdánilẹ́kọ̀ọ́ Néfì tí bàbá ti bẹ̀rẹ̀ ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Wọ́n tì í ní 1997, ó ti di ọjà àti ilé oúnjẹ, àmọ́ àwọn ilé àtijọ́ ṣì dúró. USS Recruit wà níbẹ̀ náà: ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ sórí ilẹ̀ ní 1949, tí kò wọ omi rí, tí àwọn ọmọ tuntun fi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń so okùn àti bí wọ́n ṣe ń dúró ṣọ́. Ilẹ̀ títẹ́jú ni gbogbo ibẹ̀, orúnkún màmá á gbà á.

AdùkẹTexas fèsì:

Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á san yín lẹ́san rere. Mo ti fi gíláàsì wo DD-214 náà. USS RANGER CV-61 ló wà ní 8a. 12c jẹ́ ọdún 4. 12g jẹ́ ọdún 3 àti oṣù 2. Ní 13, wọ́n kọ Good Conduct Medal àti Sea Service Deployment Ribbon pẹ̀lú ìràwọ̀ kan. Ṣé èyí fi hàn pé wọ́n tún wà nínú ọkọ̀ míì? Nínú fọ́tò kan, kóòtù àti táì ni wọ́n wọ̀, kì í ṣe aṣọ ọmọ ọkọ̀ tí a máa ń rí. Ìyẹn ń dà mí láàmú.

Alákọsílẹ̀ fèsì:

Nínú ọdún 4, ẹ yọ ọdún 3 àti oṣù 2, oṣù 10 ló kù. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ìbẹ̀rẹ̀, ilé ẹ̀kọ́ MM, ìsinmi àti ìdúró kí wọ́n tó gbé wọn lọ sínú ọkọ̀ lè gba oṣù 10 yẹn tán. Nítorí náà ó jọ pé Ranger nìkan ni, àmọ́ 1070/605 ló máa fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ilé ẹ̀kọ́ náà yẹ kó wà ní àpótí 14.

Ìràwọ̀ kan yẹn ṣe pàtàkì. Ríbọ́n náà dúró fún ìgbà àkọ́kọ́, ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan dúró fún ìgbà míì. Ìyẹn ni pé ìrìn àjò méjì ni Néfì kà fún bàbá, ìwé aláwòrán kejì sì lè wà níbì kan. Àwọn ọmọ ọkọ̀ ló máa ń ṣe ìwé yìí fúnra wọn, kì í ṣe ìjọba, nítorí náà St. Louis ò ní in. Ẹ wò ó lórí Fold3, ìkànnì kan tó ní àkójọ ìwé ìrìn àjò Néfì. Owó ni wọ́n ń san fún un, àmọ́ ọ̀pọ̀ láíbìrì ìlú ní Amẹ́ríkà jẹ́ kí ọmọ ẹgbẹ́ wọn lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Navy Department Library ní Washington náà ní àkójọ tó pọ̀.

Ọ̀rọ̀ kóòtù: láti 1973 ni Néfì ti gba aṣọ oníṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ fífẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ọmọ ọkọ̀ kékeré, tí wọ́n fún wọn ní kóòtù àti táì. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 ni wọ́n dá ti àtijọ́ padà. Ẹni tó wọṣẹ́ ní 1981 lè wọ méjèèjì. Ẹ wo apá òsì: ẹyẹ àti ìlà mélòó ló wà níbẹ̀? Ìlà méjì ni MM2. Bí kò bá sí ẹyẹ, tó jẹ́ pé ìlà pupa kéékèèké ló wà níbẹ̀, fọ́tò ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni, torí pupa ni ti àwọn ọmọ yàrá ẹ̀rọ.

Sítíìmù_Àgbà fèsì:

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti mùsíọ́mù, àmọ́ mi ò lè pa á mọ́ra. Asibẹ́sítọ́ọ̀sì, tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ni wọ́n fi wé àwọn páìpù inú ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyẹn, àwọn MM ló sì ń tú u, tí wọ́n tún ń wé e padà. VA fúnra rẹ̀ ka iṣẹ́ MM sí èyí tí ẹni tó ṣe é fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè bọ́ lọ́wọ́ eruku rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tàbí jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ló mú bàbá lọ, kí màmá béèrè owó opó tí wọ́n ń pè ní DIC, fọ́ọ̀mù 21P-534EZ. Ìwé dókítà tó sọ ohun tó pa wọ́n àti DD-214 tó kọ MM ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò. Ẹ lọ bá àjọ àwọn ológun tó fẹ̀yìn tì ní àdúgbò yín, wọ́n ní àwọn tó ń báni kọ ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni kó tó bá yín fi ìwé sílẹ̀.

Olùtọ́jú_Ìwé fèsì:

Kò sẹ́ni tó tíì dáhùn ọ̀rọ̀ ìwé tí ẹ̀yìn rẹ̀ ń já. Ẹ má fi sẹlotéèpù lẹ̀ ẹ́, ẹ má sì gbé e lọ fún laminéṣọ̀n. Gọ́ọ̀mù téèpù á di pupa rúsúrúsú, á sì jẹ ìwé náà. Ẹ fi téèpù òwú funfun dì í yí ká, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ nínú páálí tí kò ní ásíìdì, nínú yàrá tí ẹ ń gbé, kì í ṣe gáréèjì Texas.

Ẹ má ṣí i pẹlẹbẹ sórí ẹ̀rọ sìkánà. Ẹ gbé e sórí tábìlì, kẹ́ ẹ fi aṣọ tó nípọn gbé ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan sókè kó má bàa ṣí tán, kẹ́ ẹ wá fi kámẹ́rà ya á láti òkè lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, láìlo fíláàṣì, torí bébà rẹ̀ ń dán. Fọ́tò mẹ́ta yẹn ni kẹ́ ẹ fi sìkánà ṣe, ní 600 dpi. Ẹ ya ẹ̀yìn wọn náà. Pẹ́ńsù ni kẹ́ ẹ fi kọ orúkọ sí ẹ̀yìn, bíró máa ń tẹ ojú fọ́tò.

Fún ibojì: VA máa ń fún ìdílé ológun ní òkúta ibojì lọ́fẹ̀ẹ́, kódà tí ibojì náà bá wà ní itẹ́ òkú lẹ́yìn odi Amẹ́ríkà. Fọ́ọ̀mù 40-1330 ni, ẹ so DD-214 mọ́ ọn. Ẹ lè kọ USS Ranger sí i lára gẹ́gẹ́ bí àfikún, tí VA bá fọwọ́ sí i. Bí ibojì náà bá ti ní òkúta tiẹ̀, àmì idẹ kékeré tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ òkúta lẹ lè béèrè dípò rẹ̀, fọ́ọ̀mù tirẹ̀ ni 40-1330M. Owó ẹni tó máa gbé e kalẹ̀ kò sí nínú ohun tí VA ń san, nítorí náà kẹ́ ẹ tó fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́, ẹ bá alábòójútó itẹ́ òkú náà àti bíríkìlà yín nílé sọ̀rọ̀.